Fèrèsé Balùwẹ̀ Ìyàwó Wòléwòlé

Ilé Ògúnsúyì,
Ìwárò, Òkà-Àkókó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, 1993.

Babárìndé ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú òtútù, nítorí mo gbọ́ lórí rédíò pé òtútù ti ń wọlé lọ́dọ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Tiwa náà ń bọ̀ lórí òkè yìí. Ara mi le díẹ̀. Mojísọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ láti Ìkàrẹ́. Òun ni yóò bá mi fi lẹ́tà yìí sí póòsì.

Ilé tí o ní kí wọ́n kọ́ sórí sàréè bàbá rẹ ti parí. Mo fi fọ́tò mẹ́ta sínú lẹ́tà yìí, wò wọ́n dáadáa. Òpó mẹ́rin, mábù dúdú, òrùlé gíga, géètì onírin tó ní ẹyẹ méjì lórí. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí. Àwọn ará Òkà ń wá wò ó. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìkàrẹ́ ń dín eré kù bí wọ́n bá dé iwájú ilé wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá òjò rọ̀, ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹrù igi sá wọ abẹ́ rẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó jókòó. Mo ní, "Ìyá, sàréè nìyí o." Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ṣé mọ́tò kì í dúró níbí ni?"

Mo dúpẹ́. Ọmọ tó ṣe èyí fún bàbá rẹ̀ kò ṣe ohun kékeré. Bàbá rẹ tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ṣe iṣẹ́ wòléwòlé káàkiri Àkókó, tí wọn kò ní ju bàtà méjì lọ, ti wá ní ilé tó dára ju èyí tí wọ́n fi ìyàwó wọn sílẹ̀ sí.

Ohun kan ló kù. Ògiri ẹ̀yìn ilé tuntun náà fara ti ògiri ilé wa, ó sì bo fèrèsé balùwẹ̀ mi pátápátá. Fèrèsé náà ṣì wà. Bí mo bá ṣí i, búlọ́ọ̀kù ni mo ń rí. Balùwẹ̀ fúláàtì ìsàlẹ̀ yìí kò sì ní fèrèsé mìíràn. Yàrá mi wà ní apá kan rẹ̀, ilé ìdáná ní apá kejì, pálọ̀ ní apá kẹta. Bàbá rẹ ló wà ní apá kẹrin.

Bí mo bá wẹ̀ láàárọ̀, ooru omi gbígbóná kò rí ibi gbà jáde. Táwẹ́lì tí mo fi kọ́ lánàá ṣì tutù lónìí. Ògiri ti ń hu nǹkan dúdú bí irùngbọ̀n ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà. Mo ń tan àtùpà wẹ̀ lọ́sàn-án gangan, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọ nù sí ara rẹ̀.

Mo sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù náà. Mo ní kí Bàbá Ládélé, àbúrò bàbá rẹ, jẹ́ kí wọ́n fi àyè fèrèsé sílẹ̀. Wọ́n ní àwòrán tí o yà ránṣẹ́ kò ní àyè fèrèsé nínú. Wọ́n ní, "Ìyá Mojí, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ilé kíkọ́?" Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn mi, ẹnu opó kì í sì í tólẹ̀ níbi tí ọkùnrin ti ń po sìmẹ́ńtì.

Nítorí náà, kọ̀wé sí mi pé o gbà. Abọ́dẹrìn bíríkìlà ní òun yóò lu ògiri ẹ̀yìn náà ní ìwọ̀n fèrèsé, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ṣùgbọ́n Bàbá Ládélé ti kìlọ̀ fún un pé láìsí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èmi ìyá rẹ tí ó ń wẹ̀ nínú òkùnkùn,
Florence Àyọ̀ká Ògúnsúyì.


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, 1993.

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti orí kápẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tèmi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gba lẹ́tà yín, mo sì gba fọ́tò. Mo ti fi èyí tó tóbi jù kọ́ sára ògiri níbi tí mo lè máa rí i bí mo bá jí. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú, ní ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì wa. Ọmọ Gánà kan tí a jọ ń lọ aṣọ bú sẹ́kún. Ọ̀gá wa, òyìnbó, béèrè iye ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀. Mo ní bàbá mi nìkan ni. Ó ní ó fẹ̀ ju yàrá tèmi lọ. Òótọ́ ni.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Abọ́dẹrìn lù ú. Ọ̀rọ̀ fèrèsé yìí yà mí lẹ́nu. Nígbà tí mo kúrò nílé, yàrá tí a ń kó iṣu àti kẹ̀kẹ́ Bàbá sí ló wà níbẹ̀, ìta ni a sì ti ń wẹ̀, nínú balùwẹ̀ onípáànù lẹ́yìn ilé. Ta ló gbé balùwẹ̀ wọlé?

Balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé kì í ṣe ohun ìtìjú. Ti ilé tí mo ń gbé níhìn-ín kò ní. Fáànù kékeré kan wà ní òkè rẹ̀. Bí mo bá ti fa okùn iná, yóò máa kùn, yóò sì fa gbogbo ooru jáde. Mo ti ra irú rẹ̀ fún yín. Christiana, ará Ifira tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì, òun ni yóò gbé e wá. Kí ẹ wá ẹni tó mọ wáyà, kí ó dè é mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé mi ò lè wá da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè bàbá mi. Bí mo bá jáde kúrò níbí láìní ìwé ìgbélùú, wọn kò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ilé yẹn ni iyẹ̀pẹ̀ tèmi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ihò sí i lára.

Ọmọ yín,
Clement.


Ìwárò, Òkà-Àkókó.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, 1994.

Babárìndé ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀rùn dé bá wa láyọ̀, mo kí ọ kú ọdún tuntun. Christiana wá láti Ifira pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ wá nínú páálí, ó sì kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní o ti rù. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé mábù lo ń jẹ.

O béèrè ẹni tó gbé balùwẹ̀ wọlé. Bàbá rẹ ni. Lẹ́yìn tí o lọ, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo sì ṣubú nínú òjò lọ́nà balùwẹ̀ onípáànù tí o ń rántí yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kó iṣu jáde kúrò nínú yàrá náà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọn fèrèsé rẹ̀. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbé e dúró láàárín yàrá, wọ́n ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń tẹ iná rẹ̀ sí kí wọ́n tó fi ẹfun sàmì sí ògiri. Mo ní, "Bàbá Mojí, fèrèsé lásán?" Wọ́n ní, "Àyọ̀ká, mo ti fún ènìyàn ní sàmáńsì nítorí fèrèsé lásán." Ilé tí o yà sínú ìwé kò sí mọ́, ọmọ mi. Ilé tí o fi sílẹ̀ lo yà.

Ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rẹ. Oníwáyà kan wá láti Ìkàrẹ́, Raheem ayálégbé wa, tísà tó ń gbé lókè, sì wá bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Oníwáyà yẹ ẹ̀rọ náà wò síwá sẹ́yìn.

Ó ní, "Màmá, níbo ni kó máa tú u sí?"

Mo ní, "Tú kí ni?"

Ó ní, "Ooru náà. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ ooru. Bó bá gbà á níbí, yóò tú u síbòmíràn. Níbo ni ibòmíràn?"

A dúró, a ń wo ògiri. Òkè kò ṣeé lù, dẹ́kìn onísìmẹ́ńtì ni, ilé Raheem ló wà lórí rẹ̀. Raheem wá kà á fún un pé, "Ibùsùn Màmá nìyí, ìkòkò ọbẹ̀ Màmá nìyí, àga pálọ̀ Màmá nìyí, Bàbá Wòléwòlé nìyí. Mú ọ̀kan." Oníwáyà fi irinṣẹ́ rẹ̀ họ orí.

Níwọ̀n ìgbà tí o ti ní a kò gbọdọ̀ yọ bàbá rẹ lẹ́nu, tí n kò sì fẹ́ kí ẹ̀fọ́ mi máa rùn bí ọṣẹ, a dojú rẹ̀ kọ pálọ̀. Iná kò wá fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ náà wà lára ògiri bí ọ̀gá tí wọ́n fún ní ipò tí kò lọ síbi iṣẹ́ rí. Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi, Kátíkísì àtàwọn ìyá ìjọ wá bá mi jíròrò lórí ìsìn ìrántí bàbá rẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán ni. Kátíkísì jókòó sórí àga bàbá rẹ, abẹ́ ẹ̀rọ gan-an. Bí wọ́n ti ń gbàdúrà, iná dé. Ẹ̀rọ rẹ bú ramúramù, ó sì tú gbogbo ooru ìwẹ̀ mi lé Kátíkísì lórí. Wọ́n ṣe àmín tipátipá. Kátíkísì nu awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ìyá Mojí, ṣé ẹ ń se nǹkan lọ́wọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o, sà. Ara mi ni."

Láti ọjọ́ náà, mo ti ní kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀. Ikọ́ kékeré kan ń ṣe mí, mo rò pé ọyẹ́ ni. Kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi, pé kí wọ́n lù ú. Ìwé tí o máa fi kọ ọ́ kò ní láti ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ìyá rẹ,
Àyọ̀ká.


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 1994.

Màmá mi,

Mo kí yín, mo sì kí Bàbá níbi tí wọ́n sùn sí. Ọjọ́ ìrántí wọn, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó ti fọ́tò náà láti àárọ̀. Inú mi dùn bí mo ti gbọ́ pé ìsìn lọ dáadáa.

Ẹ dárí jì mí nítorí ọ̀rọ̀ Kátíkísì. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tún tì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú sí ọ̀nà mìíràn. Ẹ lè ṣí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá ń wẹ̀. Ẹ lè fi oògùn ìfọṣọ fọ ohun dúdú ara ògiri yẹn, bí a ti ń ṣe níbí. Bí ikọ́ náà bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lọ bá Ẹ̀gbọ́n Mojísọ́lá gbé ní Ìkàrẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí a lu ilé bàbá mi. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ pé balùwẹ̀ ni yóò máa yọjú sí ibojì? Omi ọṣẹ lórí mábù? Ẹ̀yin fọwọ́ kan bàbá mi kí wọ́n tó bò wọ́n. Fọ́tò lèmi ní. Bí ẹ bá lu ihò sí i, fọ́tò mi di irọ́. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Ládélé pé kí wọ́n bá mi mójú tó o. Ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Clement.


Ìwárò, Òkà-Àkókó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin, 1994.

Babárìndé,

Mo kí ọ. Ìkíni náà kúrú, ó sì yẹ kí ìdí rẹ̀ yé ọ.

O kọ̀wé ẹjọ́ mi ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ mi. O ṣeun. O ní kí n ṣí ilẹ̀kùn wẹ̀. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, n kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ níwájú àga. O ní kí n lọ bá Mojísọ́lá. Yàrá kan àti pálọ̀ ni Mojísọ́lá ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Ṣé orí fìríìjì ni n ó sùn? Bí mo bá sì lọ, ta ni yóò máa kí bàbá rẹ láàárọ̀? Ṣé ẹyẹ méjì tó wà lórí géètì ni?

Bàbá Ládélé gba ìwé rẹ, ó sì gùn wọ́n bí òrìṣà. Wọ́n mú àgbà méjì nínú ìdílé wá. Mo gún iyán fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wá tún ohùn ṣe.

Bàbá Ládélé ní, "Ìyàwó wa, a gbọ́ pé ẹ fẹ́ la ilé òkú."

Mo ní, "Balùwẹ̀ ni mo fẹ́ là."

Wọ́n ní, "Ihò tó bá ti inú balùwẹ̀ wọ ilé òkú, ilé òkú ló là. Ìhòòhò obìnrin kì í kọjú sí òkú ìdílé yìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá di dandan, ẹ ó mú òbúkọ kalẹ̀."

Mo ní, "Bàbá Kékeré, ọmọ tí mo bí fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣé aṣọ òkè ni mo wọ̀ nígbà tí mo ń lóyún wọn?"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Mo bi Bàbá Ládélé bóyá wọ́n rántí pé ẹ̀gbọ́n wọn yìí ló fún wọn ní sàmáńsì nígbà kan, nítorí ilé ìdáná wọn tí kò ní ojú èéfín. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn. Mo ní ọ̀rọ̀ ìjọba náà ló sùn síbẹ̀ yẹn.

Ó wá kan ìgbà tí Bàbá Ládélé fẹ́ lọ gbọnsẹ̀. Inú balùwẹ̀ kan náà ni. Mo fún wọn ní tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn gbọin-in, nítorí ènìyàn tó bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ ni wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé omi ti mú kí igi ilẹ̀kùn náà wú, pé díẹ̀díẹ̀ lèmi ń tì í.

Ó ṣe díẹ̀. Mo gbọ́ "Ìyá Mojí."

Mo ní, "Mo ń gbọ́ o."

"Ilẹ̀kùn yìí kò ṣí."

"Ẹ fà á."

"Mo ń fà á. Tọ́ọ̀ṣì yín ti ń kú. Ooru ń mú mi níbí."

Mo ní, "Ẹ ṣí fèrèsé."

Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí i. Wọ́n ní, "Búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ta ló tò ó?"

Raheem ló sọ̀ kalẹ̀ wá fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Bàbá Ládélé jáde, agbádá wọn ti lẹ̀ mọ́ wọn lára bí ẹni tó bọ́ sínú odò. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọn kò dárúkọ òbúkọ mọ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Bí Clement bá ti gbà, èmi kò rí nǹkan sọ."

Nítorí náà ìwọ nìkan ló kù. Òjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ògiri tí kò gbẹ nínú ọyẹ́ kò ní gbẹ nínú òjò. Ikọ́ yìí kò lọ, ó sì ti wọ àyà. Mo lè pe Abọ́dẹrìn lónìí kí ó lù ú, ilé ọkọ mi ni. Ṣùgbọ́n o ní iyẹ̀pẹ̀ tìrẹ ni, n kò sì ní fi ọwọ́ ara mi gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọmọ mi dànù lórí bàbá rẹ̀. Mo ń dúró.

Ìyá rẹ.


Ìwárò, Òkà-Àkókó.
Ogúnjọ́, oṣù kẹfà, 1994.

Babárìndé ọmọ mi,

Mo kí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá èyí yóò dé.

Mojísọ́lá ń yà wo lẹ́tà rẹ ní póòsì Ìkàrẹ́ bí ó bá ti ibi iṣẹ́ jáde. Ó ní akọ̀wé ibẹ̀ ti ń mi orí láti òkèèrè kí òun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí o bá ń bínú, kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Mo ti tọ́ ọ dàgbà, mo mọ bí ìbínú rẹ ṣe ń rí. Ó sàn ju dídákẹ́ lọ.

Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà gbọ́ àyà mi, ó bi mí bóyá igi ni mo fi ń dáná. Mo ní sítóòfù ni. Ó bi mí ibi tí mo ń sùn, ibi tí mo ń wẹ̀. Mojísọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní oògùn tí òun fún mi kò ní ṣiṣẹ́ bí mo bá ń padà sínú ọ̀rinrin náà lójoojúmọ́. Ìyàwó Raheem ti ní kí n máa wá wẹ̀ lókè lọ́dọ̀ àwọn. Mo gun àtẹ̀gùn lọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú korobá àti táwẹ́lì. Nígbà tí mo fi dé òkè, èémí mi ti tán, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹrù tí wọn kò wá gbé. Ojú títì ni àtẹ̀gùn náà kọjú sí, gbogbo mọ́tò Ìkàrẹ́ sì ń kí mi.

Mo ṣì ń dúró.

Àyọ̀ká ìyá rẹ.


Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù keje, 1994.

Màmá mi,

Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà. Ẹ má tíì ní kí n dìde.

Mo gba lẹ́tà yín méjèèjì. Mo kọ èsì, mo fà á ya, mo tún kọ, mo tún fà á ya. N kò bínú. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé kí wọ́n wó ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n Mojísọ́lá ti tẹ̀ mí láago láti Ìkàrẹ́. Wọn kò kí mi. Wọ́n ní, "Clement, ṣé o ti ń ya ti Màmá náà?"

Mo ní, "Kí ni mo ń yà?"

Wọ́n ní, "Ilé orí sàréè. Tètè yà á. Bí o bá sì ń ya tiwọn, jọ̀ọ́, fi fèrèsé sí i." Ìpè náà já, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n gbé e sílẹ̀.

Màmá, ẹ lù ú. Kí ó tóbi. Bí ó bá kan mábù, kó kàn án. Mo ti kọ̀wé sí Bàbá Ládélé pẹ̀lú.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí wọ́n bá ti lù ú, kò sẹ́ni tí yóò máa sún mọ́ Bàbá láàárọ̀ tó yín. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ pé mi ò lè wá, wọ́n mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé n kò mọ̀ pé wọ́n la fèrèsé síbẹ̀. Ilé tí mo rántí ni mo yà.

Ọmọ yín,
Babárìndé.


Ìwárò, Òkà-Àkókó.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 1994.

Babárìndé ọmọ mi,

Dìde nílẹ̀. Mo kí ọ, mo gbà ọ́ mọ́ra láti òkè Òkà.

Abọ́dẹrìn wá ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá Ládélé sì ti jókòó dè é lórí àga kí ó tó dé. Àwọn tí wọ́n ní kò ṣeé lù ni wọ́n wá ń darí rẹ̀. "Rọra, ẹ̀gbọ́n mi ló sùn síbẹ̀ o." "Gba ọwọ́ òsì." "Ṣé ògiri àgọ́ ọlọ́pàá lò ń lù ni?" Abọ́dẹrìn ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá gba òòlù. Wọ́n ní àgbà kì í gba òòlù. Wọ́n mú òbúkọ wá fúnra wọn, n kò béèrè. Wọ́n ní kì í ṣe ti ìtánràn, ti ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn Abọ́dẹrìn, orí òbúkọ ni wọ́n sì fún un. Ìyókù bá Bàbá Ládélé lọ sílé.

Mo fi aṣọ bo mábù rẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Fèrèsé náà ga, ẹni tó bá dúró ní iwájú géètì kò lè rí ju àwọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ ọn lọ. Fọ́tò rẹ kò di irọ́. Bí o bá ń wò ó, kí o mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé omi gbígbóná wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, n kò gbé àtùpà. Mo fi kànìnkànìn bó ara mi dáadáa, mo fọ irun mi tó ti ń funfun. Ooru gòkè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wẹ̀ tán, mo ró táwẹ́lì, mo gun orí àpótí, mo gbé àgbọ̀n mi lé ojú fèrèsé. Mo jẹ́ iṣẹ́ rẹ bí o ṣe rán an. Mo ní, "Bàbá Mojí, Babárìndé kí yín o. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹ la fèrèsé síbí. Ó ní ilé tí òun rántí ni òun yà."

Wọn kì í tètè fèsì nígbà tí wọ́n wà láyé náà, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ilé wò. Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Ìkàrẹ́. Afẹ́fẹ́ tutù gba abẹ́ òrùlé ńlá rẹ, ó gba orí bàbá rẹ kọjá, ó sì wọlé fẹ́ mi lójú. Mo ń retí ikọ́. Kò wá. Mo dúró síbẹ̀ títí irun mi fi gbẹ.

Ìyá rẹ,
Àyọ̀ká.